Dígí Tó Wọ́ Lójú Ọ̀gá Àgbà

Bí ẹ bá fẹ́ kí Olóyè Dókítà Ẹnjiníà Oyèbámijí Ọláṣùpọ̀ dá yín lóhùn, ẹ kọ́kọ́ ka oyè rẹ̀ tán. Ẹni tó bá fo ẹyọ kan nínú rẹ̀, ògiri ló kí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, mo rò ó pé kí n máa pè é ní "wọn" nítorí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi lè rò pé èèyàn mẹ́wàá ni. Òun fúnra rẹ̀ kò ní bá yín jiyàn. "Ó" ni màá máa pè é, kó forí jì mí.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà ní Ibùdó Ìwádìí Ìmọ́lẹ̀, ilé alájà mẹ́ta kan ní Igbó-Elérin. Ẹni tó bá dúró lórí òrùlé ilé náà á rí títì márosẹ̀ Badagry nísàlẹ̀, á sì rí àwọn ilé Ìbà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n torí rẹ̀ dá ibùdó náà sílẹ̀, ẹ̀rọ lésà ńlá kan tí ń ta ìmọ́lẹ̀ tó gbóná débi pé ó lè gé páànù láti ọ̀nà jíjìn. Wọn kò fi jagun. Ọ̀rá àti àkísà tí atẹ́gùn bá gbé kọ́ sára wáyà iná gíga ni wọ́n fẹ́ kó máa gé já láti ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gun òpó mọ́.

Ẹni tó mọ ẹ̀rọ yìí tinú-tẹ̀yìn ni Ràṣídátù Fọlọ́runṣọ́, ẹnjiníà ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá rẹ̀ bá àwọn oníná ṣiṣẹ́ ní Òkòkòmáíkò. Ó gun òpó lọ́jọ́ kan láti yọ ọ̀rá kan lára wáyà, iná gbé e, ó sì já bọ́. Kò kú, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè mú ṣíbí títí di òní. Bí bàbá yìí bá ń jẹun, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a gé ẹran. Nítorí náà, bí àwọn kan bá ń wá sí ibùdó láti wá tẹ fóònù kí wọ́n sì gba owó oṣù, ti Ràṣídátù yàtọ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ láti ilé.

Ìṣòro rẹ̀ ni atẹ́gùn. Bí ẹ bá dúró ní Ìyànà-Ìbà lọ́sàn-án gangan, tí ẹ wo ojú títì lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó rí i pé ọ̀dà ilẹ̀ ń gbọ̀n bí omi. Ọ̀dà kọ́ ló ń gbọ̀n. Ooru ló ń gbéra nílẹ̀, ó ń da afẹ́fẹ́ rú, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì gba inú rẹ̀ kọjá á máa ṣe ségesège. Bẹ́ẹ̀ ni ti lésà. Á jáde ní Igbó-Elérin ní títọ́, á fi máa dé Ìbà, á ti fọ́n ká, á máa jó kiri lójú páànù, kò sì ní lè mú un gbóná ju bí oòrùn ti ń ṣe lọ.

Ràṣídátù ti rí oògùn rẹ̀. Ó ṣe dígí kan tó fẹ́lẹ́, ó to ọ̀pá tín-ín-rín mọ́kànlélọ́gọ́ta sẹ́yìn rẹ̀. Iná kékeré kan ń tàn láti Ìbà wá, kámẹ́rà kan sì ń wo bí afẹ́fẹ́ ti ba iná kékeré náà jẹ́ lójú ọ̀nà. Kámẹ́rà á wá sọ fún àwọn ọ̀pá náà ibi tí wọn yóò ti dígí sí, ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ tẹ ìmọ́lẹ̀ sọ́tùn-ún, dígí á ti tẹ̀ ẹ́ sósì kó tó jáde nílé. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ìmọ́lẹ̀ á tọ́. Gbogbo ọgbọ́n dígí yìí kò ju pé ó ń gbọ́ àléébù rẹ̀ lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, kò sì bínú.

Ní ti Ọ̀gá Àgbà, kò rí ẹni tí yóò sọ àléébù tirẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ibùdó yẹn, ìròyìn burúkú kì í gun àtẹ̀gùn dé òkè. Igbákejì rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Yésúfù, ló ń yẹ ìwé wò kó tó dé orí tábìlì rẹ̀. Bí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá dá, Yésúfù á kọ ọ́ pé omi ti ń múra àtiṣàn. Nígbà tí àjà yàrá ìpàdé já lulẹ̀, ohun tí Ọ̀gá Àgbà kà ni pé yàrá náà ti ga sí i.

Lẹ́tà wá dé láti Àbújá pé àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní. Bí lésà bá lu páànù tí wọ́n gbé sórí ilé kan ní Ìbà, iṣẹ́ ń tẹ̀síwájú. Bí kò bá lù ú, wọ́n á kó ẹ̀rọ náà lọ síbòmíràn, wọ́n á sì tú ẹgbẹ́ Ràṣídátù ká. Ràṣídátù ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ó gbọ́kàn lé dígí rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà náà ka lẹ́tà, ó sì sọ̀kalẹ̀ wá wo ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Ó wọ agbádá funfun, Yésúfù gbé báàgì tẹ̀lé e, ẹnì kan gbé fáànù. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí ó fi bẹ̀rẹ̀ wo inú dígí náà. Wọn kò tíì taná sí i lọ́jọ́ yẹn, bí dígí irú èyí kò bá sì ríná, kì í dúró pẹrẹsẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Àgbà wú nínú rẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn, iwájú orí rẹ̀ sì sá sẹ́yìn.

"Ràṣídátù," ó ní, "kí ló ṣe ojú mi?"

"Ojú yín kò ṣe nǹkan kan, sà. Dígí ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọ́, kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọ́."

Ọ̀gá Àgbà nàró. Ó wo Yésúfù, Yésúfù sì mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ dígí, òun ò rí èyí tó láfojúdi tó báyìí rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí ẹnu Ọ̀gá Àgbà. Ó ní òun kò ní dúró lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ohun tó wọ́. Ó ní dígí ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́, kó dúró ṣinṣin, kó sì fi àwọn aṣáájú hàn bí wọ́n ti rí. Ó bi wọ́n léèrè bóyá dígí títọ́ kan wà. Ó wà, ìyẹn tó bá ẹ̀rọ wá láti ọdún kìn-ín-ní. Wọ́n gbé e wá, Ọ̀gá Àgbà wo ojú rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún fìlà ṣe, ó ní èyí gan-an ni dígí.

Ràṣídátù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Yésúfù gbé ìka sẹ́nu, ó ní ṣé kò rí i pé Ọ̀gá ti rí ohun tí wọ́n rí ni? Ó bá dákẹ́. Ẹ má dá a lẹ́bi kíákíá, ẹ̀yin náà lọ́gàá níbi iṣẹ́. Ó di dígí rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í sábẹ́ tábìlì, ó sì sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí ó fi dé ilé.

Ta ni yóò wá tọ́jú atẹ́gùn tó ń yọnu? Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Ó dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá sílẹ̀ lórí Ìdúró-jẹ́ẹ́ Atẹ́gùn, ó fi Yésúfù ṣe alága. Ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n jẹ míìtì páì lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì gbé ìwé ìkìlọ̀ jáde. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ òpó láti Igbó-Elérin dé Ìbà, pé láti ọjọ́ kejì oṣù títí di ọjọ́ kọkàndínlógún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná, yan ẹja, tan jẹnẹrétọ̀, tàbí ṣe ohunkóhun tó lè mú kí atẹ́gùn gbéra láì gba àṣẹ.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tósìn, tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mú ìwé náà lọ́wọ́ wá sí ibùdó. Kò pariwo rárá. Ó ní ẹja òun ti wà nílẹ̀, ó ń jẹrà, òun kàn fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn ni.

"Ẹ ti sọ fún àwa tá a ń dáná," ló wí. "Ta ni ẹ rán sí oòrùn?"

Yésúfù kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Ohun tó dé orí tábìlì Ọ̀gá Àgbà ni pé àwọn ará àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í nífẹ̀ẹ́ sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún pé. Àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta dé láago mẹ́wàá, aṣáájú wọn sì ni Ẹnjiníà Àjọkẹ́ Adéyínká, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó sì gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjà Àlàbá ni bàbá rẹ̀ ti ta irin kó tó kú. Àwọn èèyàn kí i, wọ́n tún kí i, wọ́n fi òdòdó lé e lọ́wọ́. Kò mọ ibi tí yóò gbé òdòdó náà sí, ó bá gbé e sórí àga.

Àlejò kì í jókòó nínú ooru, Ọ̀gá Àgbà mọ ìyẹn, àṣà wa ni. Ó ti ní kí wọ́n ta àgọ́ olówó iyebíye sórí òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀rọ lésà gan-an, kí ojú àlejò lè tó iṣẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin sínú àgọ́ náà. Inú rẹ̀ tutù nini. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ amúlétutù rí, ẹ mọ ibi tí ooru rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí ojú ọ̀nà lésà, wọ́n ń fẹ́ ooru sí i bí ẹni ń fẹ́ná. Jẹnẹrétọ̀ ńlá méjì tó ń gbé wọn ṣiṣẹ́ sì wà nísàlẹ̀, lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ kan náà, èéfín wọn ń gòkè wá. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi lé Ìyá Tósìn kúrò nídìí ẹja, kí atẹ́gùn lè dúró jẹ́ẹ́ fún jẹnẹrétọ̀ Ọ̀gá Àgbà.

Ràṣídátù rí i. Ó lọ bá Yésúfù, ó ní ooru tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ló burú jù, ìtànṣán á ti dàrú kó tó kúrò nílé. Yésúfù ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, pé òun á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀gá Àgbà dìde. Ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́ta ló fi sọ̀rọ̀, mi ò ní fìyà rẹ̀ jẹ yín tán. Díẹ̀ rèé nínú rẹ̀: "Láti ìgbà tí Elédùmarè ti ní kí ìmọ́lẹ̀ kó wà, kò tíì rí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, àfi ìgbà tí mo dé Igbó-Elérin. Mo wí fún atẹ́gùn pé dákẹ́, atẹ́gùn dákẹ́. Mo wo dígí, mo rí òtítọ́." Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, atẹ́gùn gbé fìlà ẹnì kan lọ, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú èèyàn kì í rí ìtànṣán lésà yẹn, Ràṣídátù sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀. Yésúfù ní òun rí i, ó pupa fòò. Akọ̀wé ibùdó ní ó pupa díẹ̀, ó wá ní àwọ̀ ewé. Ọ̀gá Àgbà ní òun rí i títí dé Ìbà.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n pa ẹ̀rọ, Yésúfù sì pe Gbénga, òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi sídìí páànù ní Ìbà. Gbogbo àgọ́ ń gbọ́.

"Gbénga, ṣé ó ti lù ú tán, àbí ó kù díẹ̀?"

Ní Ìbà, Gbénga fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páànù. Kò gbóná ju bí oòrùn ti ṣe é lọ. Ó wá ìdáhùn kẹta nínú ìbéèrè náà, kò rí i. Ó rántí ìyàwó rẹ̀, ó rántí owó ilé ìwé.

"Ó ti lù ú, sà," ló wí. "Kílíà."

Àgọ́ bú sí ìyìn. Ọ̀gá Àgbà nu ojú, ó ń múra láti tún sọ̀rọ̀, ni Ẹnjiníà Adéyínká bá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, ó dára púpọ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé páànù náà wá kí òun fojú kàn án.

Nísàlẹ̀ ilé tí Gbénga wà, wẹ́dà kan wà tí ń jẹ́ Ràímì. Gbénga gbé páànù sáré wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kó bá òun lu ihò kan sí àárín òrùka pupa tí wọ́n kùn sójú rẹ̀ kíá. Ràímì wo páànù. Wọ́n ti kun gbogbo oyè Ọ̀gá Àgbà yí òrùka náà ká, láti "Olóyè" dé "Ọláṣùpọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá lù ú láti iwájú, dírìlì lè yọ̀, kó ha orúkọ ọ̀gá yín," ni Ràímì wí.

Ẹ̀rù ba Gbénga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ̀sọ̀ dojú páànù bolẹ̀ lórí fóòmù bí ọmọ tuntun, Ràímì lù ú láti ẹ̀yìn, wọ́n sì fi àkísà nù ún. Kẹ̀kẹ́ gbé e dé Igbó-Elérin láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀gá Àgbà gbé páànù sókè kí àwọn oníròyìn yà á ní fọ́tò. Ihò náà rí rogodo, ó dùn ún wò. Ẹnjiníà Adéyínká gbà á, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka kan yí ẹnu ihò náà ká níwájú. Ó yí páànù padà, ó fi ìka kan ẹ̀yìn. Ó wá jókòó.

"Olóyè," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "níbo ni ìmọ́lẹ̀ yín ti wá?"

"Láti ibí yìí ni, mà. Láti Igbó-Elérin."

"Ẹnu ihò yìí wú síwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti lù ú. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ yín ló ṣe é, á jẹ́ pé ó kọ́kọ́ kọjá Ìbà, ó lọ dé Ìjànìkin, ó wá ṣẹ́rí padà." Ó fi ìka fa òróró díẹ̀ lára ihò náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó sì ra gíríìsì bọ̀."

Wọ́n pe Gbénga, kò sì jẹ́ kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì tó fi jẹ́wọ́. Ìyá náà kò bú u. Ó kọjú sí Ọ̀gá Àgbà, ó ní kí ló dé tí ìtànṣán kò lu páànù?

Ọ̀gá Àgbà wo Yésúfù, Yésúfù ń wo bàtà. "Ìbà," ló wí níkẹyìn, "ti jìnnà díẹ̀ sí i lónìí."

Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò ti pa ìwé rẹ̀ dé. Ràṣídátù rí i. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òrùlé náà, ó parí, àwọn èèyàn á tún máa gun òpó. Ó jáde síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò lè lù ú báyìí," ló wí. "Dígí tí wọ́n fi sí i, kì í ṣe òun ló yẹ. Ooru àgọ́ yìí ló sì ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ látẹnu. Èmi mọ̀ ọ́n láàárọ̀, mi ò sọ ọ́ débi tó yẹ. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Yésúfù ní kó dákẹ́. Ẹnjiníà Adéyínká ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tó sọ tán, ìyá náà dìde, ó ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ méjèèjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ó bọ́ gèlè, ó jókòó sínú ooru bí gbogbo èèyàn, ó ń fi ìwé ètò ìpàdé fẹ́ra. Òógùn bo Ọ̀gá Àgbà nínú agbádá.

Ràṣídátù fa àpótí jáde, ó gbé dígí rẹ̀ sípò, ó taná sí i. Ó gbà tó wákàtí kan àbọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Lẹ́ẹ̀kìíní, kò ṣiṣẹ́, ó sì wí bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà tààrà. Ó tún kámẹ́rà ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò ti lọ sídìí páànù tuntun ní Ìbà fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún tẹ bọ́tìnnì, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí fóònù dún. Olùyẹ̀wò ní páànù ti pọ́n, ó ń yọ́, ó ti dá lu, òun ń rí Igbó-Elérin látinú ihò náà.

Ràṣídátù dì mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ń sunkún. Nígbà tó yá, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, kò sì lè sọ ju pé, "Bàbá mi, ó lù ú o," lọ. Èmi tí mò ń kọ ọ́, inú mi dùn, n kò ní fi pamọ́.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ìwé dé pé ẹ̀rọ náà kò ní kúrò ní Igbó-Elérin mọ́, Ràṣídátù ni kó máa darí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n gbé lọ sí Ìjànìkin gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, ní ọ́fíìsì tó ní tábìlì kan, tí kò sí ọmọ abẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìdágbére fún un lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan ní yàrá ìpàdé. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yàrá kún. Nígbà tó fi máa parí, ó ku àwọn tí àga wọn jìnnà sí ilẹ̀kùn. Yésúfù wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá ẹnì kan sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti rí Ràṣídátù ni òun ti mọ̀ pé ìyá ìmọ́lẹ̀ ni.

Ràṣídátù dúró kó àga jọ. Ọ̀gá Àgbà náà kò tíì lọ. Kò sí ẹni tó bá a gbé báàgì, ó gbé e fúnra rẹ̀, ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Ràṣídátù," ló wí, "ṣé ọ̀rọ̀ mi gùn?"

Ràṣídátù wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe é, ẹnu rẹ̀ sì ti fẹ́ sọ pé rárá o, sà.

"Ó gùn, sà."

Ọkùnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Níbo ló yẹ kí n ti dúró?"

"Lẹ́yìn 'ẹ káàsán,' sà."

Mo rò pé yóò bínú. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tó ṣẹ́kù, ó ṣí báàgì, ó fa ìwé kan yọ. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún wọn ní Ìjànìkin lọ́jọ́ Ajé ni, ojú ewé mẹ́rìnlá.

"Bá mi wò ó," ló wí.

Ràṣídátù fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀, ó sì yọ bírò.